Ṣé Ẹ̀kọ́ Kan Ṣoṣo Ni Mo Gbọ́dọ̀ Yàn?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tí ó wọlé ní oṣù yìí. Ọ̀kan wá láti Ìṣẹ́yìn, ọ̀kan láti Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kẹta sì wá láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kọ̀wé: ẹnì kan fẹ́ kọ́ ju ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lọ fún oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, àwọn tí ó yí i ká sì ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì WAEC mi ni, mo sì ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àti Yorùbá. Yorùbá ni máàkì mi ti ga jù, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo sì ti ń kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún un. Bàbá mi ní ọmọ òun kò ní lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́ èdè tí ó ti ń sọ kí ó tó hu eyín. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n wá bá òun, pé níbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Owó ìyẹn kò sí. Ṣé kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà kọ́ méjèèjì nílé? Kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB?* — Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, kí a tó dé ọ̀dọ̀ JAMB, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tí ó bá sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ méjì ni òun fẹ́. Kí ni o fẹ́ fi méjèèjì ṣe? Àwọn kan wà tí wọ́n kàn fẹ́ràn nǹkan méjì, bí ẹni tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tí ó sì fẹ́ràn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Kò sí aburú níbẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀kan ṣe ẹ̀kọ́ kí ó sì máa fi èkejì najú. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n tí ohun náà kò ṣeé fi ọwọ́ kan gbé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n nílò ẹ̀kọ́ àpapọ̀.

Lẹ́tà rẹ kò fi hàn mí èwo ni ìwọ. Nítorí náà, fi àpẹẹrẹ yìí wọn ara rẹ wò. Kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ojú ọmọ Yorùbá rí ọkọ ìyàwó, ohun èlò oko, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò bá fi àmì ohùn sí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ rí. Bí ó bá tilẹ̀ fi àmì sí i, wàhálà kò tíì tán. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "é" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́". Lẹ́tà àti àmì ni ẹ̀rọ máa ń so pọ̀ láti kọ ọ́, ó sì lè so wọ́n ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ó dọ́gba lójú, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ ìwárí sọ pé òun kò rí i. Ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà nìkan lè tún lẹ́tà náà tò, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí àmì ohùn yẹ kí ó wà nígbà tí òǹkọ̀wé kò fi í síbẹ̀. Ẹni tí ó mọ èdè nìkan yóò mọ ibi tí ó yẹ, kò sì ní mọ bí òun yóò ṣe fi kọ́ ẹ̀rọ. Bí irú ìṣòro báyìí kò bá jẹ́ kí o sùn, a jẹ́ pé ohun kan ni ò ń wá, kì í ṣe méjì.

Ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n ṣáájú rẹ gbà débẹ̀ kò dọ́gba. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá, tí ó dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó yíjú sí ohùn Yorùbá àti bí a ṣe lè mú kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ. Kọ́lá Túbọ̀sún ní tirẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni ó wá gbé iṣẹ́ èdè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan YorubaName.com tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, níbi tí a ti ń kó orúkọ wa jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àmì ohùn wọn. Ọ̀kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ wọlé, èkejì gba ẹnu ọ̀nà èdè. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni fún ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "Yorùbá àti Kọ̀ǹpútà" sí.

Ó wá kan fọ́ọ̀mù náà. JAMB kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí kò jẹ́ kí o sùn. Orúkọ ẹ̀kọ́ kan ni o ó kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí o bá fi ṣe àkọ́kọ́, iṣẹ́ mẹ́rin ni o ó sì jókòó fún, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹni tí ó ń lọ fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò mú ìṣirò àti físíìsì, yóò sì fi ẹyọ kan kún un, bíi kẹ́mísírì tàbí ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Ẹni tí ó ń lọ fún Yorùbá tàbí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò mú iṣẹ́ bíi Yorùbá, lítíréṣọ̀, ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ìsìn. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Ọjọ́ tí o bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà gan-an ni o ti yan ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ọjọ́ tí o bá wọ yunifásítì, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ èyí títí ó fi bọ́ sórí. Ka ìwé ìlànà JAMB ti ọdún tìrẹ, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Má ṣe gbára lé ohun tí ẹni tí ó wọlé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn bá sọ fún ọ.

Òótọ́ ni pé nílé wa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ to oyè bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe sọ pé wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó ní ibi tí àṣà náà ti wá. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó dá dúró ní 1962. Irú oyè tí a jogún níbẹ̀ ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wa ilẹ̀ kan ṣoṣo jìn. Yunifásítì Nsukka, tí ó ṣí ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, ni ó mú àṣà mìíràn wọlé, pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ gbogbogbòò pẹ̀lú ti ẹ̀ka tirẹ̀. GST, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tí gbogbo yín ń kùn sí lónìí, ọmọ bíbí inú àṣà yẹn ni. (Èmi náà kùn sí i nígbà tèmi.) Ohun tí ó wà láàárín àṣà méjèèjì ni àwọn ẹ̀kọ́ àpapọ̀ tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ti hun sílẹ̀. Ní Ifẹ̀, bí àpẹẹrẹ, Computer Science with Economics wà, Computer Science with Mathematics náà sì wà. Ìwọ kọ́ ni o hun ún, ṣùgbọ́n oyè kan ni ó ń fún ọ lórí iṣẹ́ méjì, ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá sì bá ọ̀kan nínú wọn mu kò ní láti máa wá ohun mìíràn kiri.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́. Láti ìgbà pípẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ NCE ti ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ méjì pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ìkọ́ni, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà àti ìṣirò, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní nǹkan àrà. Ẹni tí ó bá parí rẹ̀ dáadáa lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ìṣòro tìrẹ kọ́ ni ó yanjú, nítorí ọ̀nà olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan wà tí yóò wúlò fún.

Ìdájọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ rẹ ni pé kí o kọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sínú fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe nítorí pé ó níyì ju Yorùbá lọ. Ìṣirò ní àkàbà. Ẹni tí ó bá fo ìpele kan kì í lè gun èyí tí ó wà lókè rẹ̀, ó sì ṣòro púpọ̀ láti gun ún ní ìwọ nìkan, láìsí olùkọ́, láìsí ìdánwò tí yóò lé ọ nídìí. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún kejì mi ni mo sá kúrò nínú kíláàsì statistics, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni mo sì fi san gbèsè rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè náà ní àkàbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n o ti ń gbé inú ilé tí wọ́n gbé àkàbà náà tì. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni o kàn ń fara da ìṣirò, yí ìdájọ́ mi padà: lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kí o sì máa kọ́ ètò kíkọ lọ bí o ti ń ṣe.

Nígbà tí o bá wọlé, ibi mẹ́ta péré ni ọwọ́ rẹ ti máa ní àyè, kí o má sì jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn ṣòfò. Ibi kìn-ín-ní ni àwọn kọ́ọ̀sì àṣàyàn. Láti 2023 ni a ti ń lo ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tí ń ṣe àkóso àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, pè ní CCMAS, nínú èyí tí NUC ti pèsè ìdá 70 nínú 100, tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè 30 tí ó kù. Nítorí náà, orúkọ ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀kan náà ní Èkó àti ní Ìlọrin, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má sì dọ́gba. Ìwé ìléwọ́ ẹ̀ka náà ni kí o wá kà, kì í ṣe orúkọ. Ní Ifẹ̀, wọ́n tún máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò ní fákọ́tì rẹ̀ lọ ṣe àwọn kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní special elective. Àwọn ọmọ púpọ̀ ń wá èyí tí ó rọrùn jù láti fi gba máàkì. Ìwọ, lọ sí ẹ̀ka èdè, lọ wá kọ́ọ̀sì lórí ìró àti ohùn. Bí kò bá sí àyè fún un nínú yúníìtì rẹ, nítorí 24 ni òpin ní sáà kan, tọ olùkọ́ náà lọ kí o bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí o máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì láìforúkọsílẹ̀. Wọn kì í sábà kọ̀ fún ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ béèrè.

Ibi kejì ni SIWES, ibi iṣẹ́ tí wọn yóò ní kí o lọ fi oṣù mélòó kan kọ́ṣẹ́. Má lọ jókòó sí ọ́fíìsì kan tí wọn yóò ti máa rán ọ lọ ra omi. Ibi kẹta ni ó sì ṣe pàtàkì jù, iṣẹ́ ìwádìí tí o máa fi kádìí ẹ̀kọ́ rẹ ní ọdún ìkẹyìn. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti máa di ọ̀kan lójú gbogbo ayé. Ètò tí ó ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan, jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè ṣe láìjáde kúrò ní ẹ̀ka rẹ̀, tí olùkọ́ kan láti ẹ̀ka èdè sì lè bá a wò. Kí ọdún kejì rẹ tó parí ni kí o ti mọ olùkọ́ yẹn, kí òun náà sì ti mọ̀ ọ́.

Ní ti bàbá rẹ, fi sùúrù bi í pé kí ló dé tí "mo" inú "mo lọ" fi di "n" nínú "n kò lọ". Bí wọ́n bá dáhùn láìwo ojú ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé wọ́n mọ èdè náà. Bí wọn kò bá lè dáhùn, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni, bíi ti èmi àti ìwọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Ọmọkùnrin mi yóò ṣe ìdánwò A level nínú ìṣirò, ìtàn àti ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Ó ní òun kò lè fi ọ̀kankan sílẹ̀. Lónìí yóò ní joint honours ni, oyè kan lórí iṣẹ́ méjì, lọ́la yóò ní Liberal Arts, tí ń kó oríṣiríṣi iṣẹ́ pọ̀, lọ́tùn-únla yóò ní Scotland ni òun ń lọ níbi tí ọdún rẹ̀ ti máa di mẹ́rin. Èmi àti bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tí a ó sọ fún àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú Òde pé ọmọ wa ń kọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni yóò gbà á síṣẹ́?* — Ìyá ọmọ, Peckham

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀kọ́ àpapọ̀ kì í ṣe àṣà tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1920 ni Oxford ti ń da ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ìṣèlú àti ètò ọrọ̀ ajé pọ̀ sínú oyè kan tí wọ́n ń pè ní PPE. Harold Wilson, Edward Heath, David Cameron, Liz Truss àti Rishi Sunak ni ó kọ́ ọ. Gbogbo wọn ni ó sì di olórí ìjọba. Ẹ lè sọ ìyẹn ní Ìjẹ̀bú Òde, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ràn gbogbo wọn.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọ náà yéé ṣe ni pé kí ó máa fò láti orí orúkọ kan sí òmíràn. UCAS, àjọ tí a ti ń béèrè fún àyè ní àwọn yunifásítì ibẹ̀, fún un ní àyè láti yan ẹ̀kọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n àlàyé ara ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò kà. Bí márààrún bá dojú kọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àlàyé náà kò ní bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Kí ó tún máa wo ọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà láàárín orúkọ ẹ̀kọ́: bí ó bá jẹ́ "and" ni wọ́n kọ, iṣẹ́ méjèèjì sábà máa ń dọ́gba, bí ó bá jẹ́ "with", èyí tí ó ṣáájú ni igi, èkejì jẹ́ ẹ̀ka. Liberal Arts àti irú rẹ̀, bíi Arts and Sciences tí University College London bẹ̀rẹ̀ ní 2012, dára fún ọmọ tí ó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìjánu. Ọmọ tí kò bá lè yan láàárín iṣẹ́ mẹ́ta báyìí, tí wọ́n bá wá ju ogójì kọ́ọ̀sì sí i níwájú ńkọ́?

Èmi rò pé ohun tí ó ń wá ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ìṣirò, ìtàn àti ètò ọrọ̀ ajé, tí a bá so wọ́n pọ̀, ìtàn ọrọ̀ ajé ni wọ́n ń jẹ́. London School of Economics ní odindi ẹ̀ka fún un. Àwọn yunifásítì mìíràn sì wà tí wọ́n ń so ètò ọrọ̀ ajé mọ́ ìtàn. Èyí tí ó bá mú, kí ó rí i pé àwọn kọ́ọ̀sì oníṣirò inú ètò ọrọ̀ ajé kò bọ́ kúrò nínú rẹ̀, nítorí àwọn ni àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn tí ń gbani sí oyè kejì yóò kọ́kọ́ wò. Scotland náà kò burú fún ẹni tí kò tíì pinnu, nítorí ní ọdún méjì àkọ́kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè mú iṣẹ́ bíi mẹ́ta kí ó tó dúró sórí ọ̀kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù lọ yóò san owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ọdún kẹrin sì jẹ́ gbèsè ọdún kan sí i. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ dókítà, ti ẹnjiníà tàbí ti lọ́yà ni ó ní lọ́kàn, pàápàá bí ó bá ń rò ó láti wá ṣe é ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè irú oyè tí wọ́n ń gbà, kí ẹ tó bi yunifásítì.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì tí ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti dá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ àbá kan tí mo pè ní "Àṣà Áfíríkà ní Gbogbo Àgbáyé", mo to kọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá láti ẹ̀ka mẹ́sàn-án, nítorí mo fẹ́ mọ̀ nípa àwọn Yorùbá tí ó wà ní Brazil àti Cuba. Ìgbìmọ̀ dá a padà, wọ́n ní kò ní egungun. Kí ni mo ṣe tí kò dára?* — Ọmọ Ẹ̀gbá lẹ́yìn odi

Ìgbìmọ̀ náà kò ṣẹ̀ ọ́. Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí ó wà nílé. Oyè àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 120 kírẹ́díìtì ní ọdún mẹ́rin: apá kan fún ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, apá kan fún ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe pàtàkì, tí wọ́n ń pè ní major, ìyókù sì jẹ́ àyè tí ó lè fi ohun tí ó wù ú dí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kéde major títí ọdún kejì yóò fi máa parí. Ní Brown University, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n jà títí wọ́n fi ṣí ìlànà ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1969; New York University sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1972, tí ń jẹ́ Gallatin lónìí, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń to ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dá major tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní ṣàì rí olùkọ́ tí yóò dúró tì í, kò sì ní ṣàì kọ àbá tí àwọn mìíràn yóò yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìṣẹ́yìn kò sọ apá yìí fún un.

Padà sí ọ̀rọ̀ rẹ. Kọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá láti ẹ̀ka mẹ́sàn-án túmọ̀ sí pé ẹnu ọ̀nà ilé mẹ́sàn-án ni o dé, o kò sì wọ yàrá kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ́ ìtàn ní Ìbàdàn, ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Northwestern ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó lórí Ifá. Ẹ̀ka mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n wo bí ó ṣe wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìdí, tí Ifá sì ń dúró dè é ní òpin gbogbo rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yín fẹ́ mọ ohun tí ó ń dúró dè ọ́.

"Mo fẹ́ mọ̀ nípa" kì í ṣe ìbéèrè. Jẹ́ kí n yá ọ ní ọ̀kan. Nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia àti Cuba. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Brazil, Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Cuba. Títí di òní ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ń kọ orin òrìṣà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Pọtogí tàbí Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ nílé, èdè tí kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Nígbà tí ohùn bá ti kúrò lẹ́nu ènìyàn, ṣé ó ṣì kù nínú orin? Ṣé ìlù ni ó tọ́jú rẹ̀ ni, àbí ìlànà orin ti gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ?

Wo bí ìbéèrè yìí ṣe ń yan kọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. O nílò ìmọ̀ ìró, kọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń gòkè, nítorí o gbọ́dọ̀ lè wọn ohùn. O nílò ìmọ̀ orin dé ibi tí o ti lè kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀. O nílò ìtàn Bahia àti ti òwò ẹrú, àti èdè Pọtogí ọdún méjì ó kéré tán. Mo sọ Pọtogí, n kò sọ Sípáníìṣì mọ́ ọn. Yan Brazil tàbí Cuba, nítorí ọdún méjì tí ó kù fún ọ kò lè gba èdè tuntun méjì. Ẹ̀ka mẹ́rin ti tó. Àwọn márùn-ún tí ó kù, fi wọ́n sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ dùn ọ́. Kọ́ọ̀sì fíìmù Áfíríkà tí o fi sí i yẹn, ṣe é nínú àyè òfìfo rẹ, má kó o wọnú major.

Má sì rò pé o gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kí o tó bẹ̀rẹ̀. Lorenzo Dow Turner, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, lọ sí Bahia ní 1940, ó sì gba ohùn àwọn ènìyàn tí ń kọrin tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ohùn náà wà ní ibi ìpamọ́ orin ìbílẹ̀ ti Indiana University. Nínú irú wọn ni o ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Bí owó ìrìn àjò bá wá yọjú, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia ní Salvador ní ibùdó ìmọ̀ Áfíríkà àti Éṣíà tí wọ́n ń pè ní CEAO, tí ó ti wà láti 1959. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé ohun tí ń gba ohùn sí ẹnu ẹnikẹ́ni, yunifásítì rẹ ní ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí ìwádìí tí ó kan ènìyàn. Ìwé wọn kì í yára jáde, nítorí náà oṣù mélòó kan ṣáájú ni kí o ti kọ̀wé sí wọn.

Nínú àbá kejì, kọ ìbéèrè rẹ sí ìlà àkọ́kọ́. Lábẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kọ gbólóhùn kan tí ó sọ ohun tí ìwọ yóò lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tí o kò lè ṣe ṣáájú; èyí tí o kò bá rí gbólóhùn kọ fún, yọ ọ́. Kọ orúkọ kọ́ọ̀sì tí yóò rọ́pò èyí tí wọn kò bá kọ́ ní ọdún tí o nílò rẹ̀, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ sì mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá ní i lọ́kàn láti wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, tọ́jú ẹ̀dà àbá tí wọ́n fọwọ́ sí pẹ̀lú àkọsílẹ̀ máàkì rẹ, nítorí ọ̀dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òkè òkun, wọn yóò sì fẹ́ mọ ohun tí oyè tí kò ní orúkọ ẹ̀ka kan pàtó túmọ̀ sí. Orúkọ tí o fún un pàápàá kò ràn ọ́ lọ́wọ́. "Àṣà Áfíríkà ní Gbogbo Àgbáyé" fẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ lọ. Kọ "Èdè àti Orin Yorùbá ní Brazil" sí i, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbé e padà fún wọn.